Owó Ọtí Wọlé, Owó Ìtọ́jú Kò Dé Abúlé

Nínú ìwé ìtàn tí a ń kà ní kíláàsì, wọ́n kọ́ wa pé epo pupa àti èkùrọ́ ni àwọn òyìnbó wá rà ní etíkun wa, àti pé kòkó ló sọ ilẹ̀ Yorùbá di ọlọ́rọ̀ nígbà tó yá. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ìwé náà kò dáhùn: kí ni àwọn òyìnbó náà ń kó wá láti fi ra epo wa, ibo sì ni ìjọba wọn ti ń rí owó tó fi ń san oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀? Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìdáhùn, ọtí ni mo bá níbẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ọ̀rọ̀ oògùn olóró tí gbogbo ènìyàn ń pariwo lé lórí lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ tó ya ìpátá nìkan. Ọ̀rọ̀ owó ni pẹ̀lú: ta ló ń rí owó nídìí ohun tó ń di bárakú fún ènìyàn, ta sì ni wọ́n ń ná owó náà lé lórí?

Kí òyìnbó tó gba ilẹ̀ wa, àwọn Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ní oníbodè ní ẹnu ọ̀nà ìlú wọn. Ẹni tó bá ru ẹrù kọjá yóò sanwó. Ohun tí ìjọba amúnisìn ṣe ni pé wọ́n gbé bodè náà lọ sí etí òkun. Ọjà tó bá ti inú ọkọ̀ ojú omi bọ́ sí Èkó ní láti san owó bodè, kò sì sí ọjà tó ń mú owó wọlé bí ọtí líle. Láti Hamburg ní Jámánì àti Rotterdam ní Hóláǹdì ni wọ́n ti ń kó jíìnì wá, àpótí lórí àpótí. (Sínáàpù tí àwọn àgbà wa fi ń tọrọ ìyàwó, tí wọ́n sì ń ta sílẹ̀ fún àwọn baba ńlá títí di òní, ọ̀nà yẹn náà ló gbà wọlé. Ó máa ń yà mí lẹ́nu pé a ti ń pè é ní àṣà ìbílẹ̀.) Àwọn ará ilẹ̀ Yorùbá kì í san owó orí fún òyìnbó nígbà náà, nítorí náà owó bodè ni ìjọba gbára lé. Ní ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú 1914, owó bodè orí ọtí nìkan tó bí ìdajì gbogbo owó tó ń wọlé fún ìjọba Gúúsù Nàìjíríà, ó sì máa ń lé nígbà mìíràn. Bí ẹ bá rí afárá tàbí ilé ìjọba tí wọ́n kọ́ láyé ọjọ́un, ẹ mọ̀ pé àwọn ọ̀mùtí dáwó níbẹ̀.

Kì í ṣe pé wọn kò mọ̀ pé ọtí lè ba ènìyàn jẹ́. Ní 1890, àwọn ìjọba Yúróòpù ṣe ìpàdé ní Brussels, wọ́n sì fẹnu kò pé kí wọ́n má ṣe ta ọtí líle ní àwọn agbègbè Áfíríkà tí kò tíì mọ̀ ọ́n. Ní àwọn ibi tí ó ti wà tẹ́lẹ̀, irú bí etíkun tiwa, kí wọ́n gba owó bodè lé e lórí. Ohun tí wọ́n pè ní ààbò fún ọmọ aláwọ̀ dúdú di orísun owó fún ẹni tó ń dáàbò bò ó. Bíṣọ́ọ̀bù Herbert Tugwell àti Bíṣọ́ọ̀bù James Johnson, ẹni tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá tí wọ́n bí i sí Sàró, pariwo títí lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ariwo náà dé London, ìjọba sì yan ìgbìmọ̀ kan ní 1909 pé kí ó wádìí òwò ọtí ní Gúúsù Nàìjíríà. Ìgbìmọ̀ náà gbọ́ ẹ̀rí lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó sì ní òun kò rí i pé ìmutípara gbilẹ̀ láàárín àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí. Mi ò sọ pé irọ́ ni wọ́n pa. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àwọn bíṣọ́ọ̀bù náà fi iyọ̀ sí ọ̀rọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìdajì owó oúnjẹ rẹ̀ ń ti ara ọtí wá kò lè fi gbogbo ojú wo ẹni tí ọtí pa. Nínú gbogbo àríyànjiyàn yìí, láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gbèjà ọtí títí dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń bá a jà, n kò rí ẹni tó dábàá pé kí wọ́n yọ díẹ̀ nínú owó bodè náà láti fi tọ́jú ọ̀mùtí ní abúlé kankan.

Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ̀rẹ̀ ní 1914, ọkọ̀ Jámánì kò wá mọ́, owó ọtí sì wálẹ̀ wọ̀ọ̀. Ìjọba ní láti wá owó sí ibòmíràn. Ní 1918 ni wọ́n gbé owó orí dé ilẹ̀ Ẹ̀gbá, ọdún náà gan-an sì ni Ogun Àdùbí bẹ́ sílẹ̀, tí àwọn ará oko fa irin ojú ọ̀nà rélùwéè tu. Owó orí nìkan kọ́ ló fa ogun náà, iṣẹ́ àfipáṣe àti ìwà àwọn ìjòyè wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Síbẹ̀, nígbà tí mo to àwọn ọdún náà sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn nínú ìwé mi, mo rí okùn kan tí ó ti inú ìgò jíìnì jáde lọ dé ojú irin rélùwéè yẹn.

Ní 1919, wọ́n tún ṣe àdéhùn mìíràn ní ilẹ̀ Faransé tó fòpin sí jíìnì olówó pọ́ọ́kú náà. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, láàárín 1930 sí 1940, àwọn ènìyàn wa kọ́ bí a ti ń se ògùrọ̀, tí a ń darí ooru rẹ̀ gba inú páìpù títí yóò fi di ọtí líle. Ògógóró nìyẹn. Ìjọba ní májèlé ni, wọ́n sì ń kó àwọn tó ń sè é lọ sí ẹ̀wọ̀n. Ṣùgbọ́n ògógóró kì í gba ẹnu bodè kọjá, kò sì sí kọ́bọ̀ kan tí ó ń san fún ẹnikẹ́ni. Èrò tèmi ni pé ìyẹn dun ìjọba ju ẹ̀dọ̀ àwọn tó ń mu ún lọ.

Igbó ló kàn. (Ọ̀rọ̀ kan náà ni a fi ń pe aginjù àti ewé yìí, bóyá nítorí pé inú aginjù ni wọ́n ń gbìn ín sí.) Àwọn onímọ̀ sọ pé àwọn ọmọ ogun wa tó ti Íńdíà àti Bọ́mà bọ̀ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì wà lára àwọn tó mú un wá sílé. Nígbà tí ìjọba ológun dé ní 1966, òfin tí wọ́n ṣe lórí rẹ̀ le ju bí mo ti rò lọ: ẹni tó bá gbin igbó lè fi ikú jẹ tàbí kí ó lọ ẹ̀wọ̀n ọdún 21, ẹni tó bá fà á yóò lo ọdún 10 lẹ́wọ̀n, ó kéré tán. Wọ́n dín in kù ní 1975. Ní 1984 ìjọba ológun mìíràn tún gbé òfin ikú jáde fún àwọn tó ń fi oògùn olóró ṣòwò, wọ́n sì yìnbọn pa ènìyàn mẹ́ta ní Èkó ní 1985. Ní 1989 ni wọ́n dá àjọ NDLEA sílẹ̀. Àjọ náà ní ẹ̀ka tó ń gba àwọn tó ń lo oògùn nímọ̀ràn, iṣẹ́ rere sì ni, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi àgbẹ̀ kan nínú igbó kòkó Oǹdó, ohun tó mọ̀ wọ́n mọ́ ni ọkọ̀ tó ń bọ̀ wá dáná sun oko. Ẹ̀wọ̀n ń gba owó, ìbọn ń gba owó, epo tí wọ́n fi ń wa ọkọ̀ náà ń gba owó. Owó yẹn dé abúlé, ṣùgbọ́n kò bá ti ìtọ́jú dé.

Ṣé kò wá sí ìgbà kankan rí tí owó ìtọ́jú dé abúlé? Ó wà. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi dúró níbẹ̀ díẹ̀, nítorí òun ló jẹ́ kí n kọ àròkọ yìí.

Láyé ìjọba amúnisìn, ibi tí wọ́n ń kó àwọn tí orí wọn dàrú sí jọ ọgbà ẹ̀wọ̀n ju ilé-ìwòsàn lọ. Ti Yábàá bẹ̀rẹ̀ ní 1907. Ní Abẹ́òkúta, inú ilé tó ti jẹ́ ẹ̀wọ̀n tẹ́lẹ̀ ní Láńtòrò ni wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ọmọ ogun tí ọpọlọ wọn fara gbọgbẹ́, láti 1944. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé-ìwòsàn ńlá sí Àró. Ọmọ Abẹ́òkúta kan, Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò, tí wọ́n bí ní 1923, tó sì kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Birmingham, ni wọ́n fi ṣe olórí rẹ̀ ní 1954. Ilé náà kò tíì parí. Dókítà mìíràn ì bá jókòó kí ó máa dúró de kọ́ńtírátọ̀. Lámbò wo àwọn abúlé tó yí Àró ká, ó sì lọ bá àwọn baálé sọ̀rọ̀.

Bí ètò náà ti ń lọ nìyí. Aláìsàn kì í dá wá. Ìyá rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tàbí ẹbí mìíràn gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Àwọn méjèèjì yóò gba yàrá ní ilé ará abúlé. Ẹbí ni yóò máa se oúnjẹ, tí yóò máa fọ aṣọ. Ní àárọ̀ wọn á rìn lọ sí ilé-ìwòsàn fún ìtọ́jú. Tí ó bá di ọ̀sán wọn á padà sí abúlé, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń roko, tí wọ́n ń ta ayò, tí wọ́n ń ṣe ọdún. Ó pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra pẹ̀lú. Àwọn òyìnbó kan fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbà gbọ́ pé dókítà tó gboyè ní Birmingham lè bá babaláwo jókòó, ṣùgbọ́n ó ṣe é.

Ibi tí owó ti wọ ọ̀rọ̀ náà ló gbà mí lọ́kàn jù. Ilé-ìwòsàn yá àwọn ará abúlé lówó kí wọ́n lè kọ́ yàrá kún ilé wọn. Wọ́n fa omi ẹ̀rọ dé abúlé, wọ́n gbẹ́ ṣáláńgá, wọ́n sì rán àwọn òṣìṣẹ́ tó ń pa ẹ̀fọn. Nígbà tí aláìsàn bá sì dé, owó yàrá ń wọ àpò onílé. Ẹ ò rí i pé owó náà kò lọ sí orí ohun tí abúlé ti ní tẹ́lẹ̀. Abúlé ní sùúrù, ó ní ojú tí ń ṣọ́ ọmọ ẹlòmíràn, ó ní ẹnu tí ń bá aláìsàn tàkúrọ̀sọ. Ohun tí kò ní ni yàrá àti omi. Àwọn Yorùbá máa ń sọ pé wèrè dùn-ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Ní abúlé tí omi ẹ̀rọ ti tipasẹ̀ àwọn aláìsàn wọlé, mo rò pé kò ní rọrùn fún ọmọdé láti máa sọ òkúta lù wọ́n.

Gbogbo àwọn tó wá sí Àró kọ́ ni igbó tàbí ọtí ba orí wọn jẹ́, n kò fẹ́ ṣi yín lọ́nà. Ṣùgbọ́n wọ́n wà lára wọn. Dókítà Tolani Asuni, tó jẹ́ olórí Àró lẹ́yìn Lámbò, kọ ìwé lórí ọ̀rọ̀ igbó ní Nàìjíríà ní 1964, ohun tí ó sì rí lára àwọn aláìsàn ní Àró wà nínú rẹ̀. Ọdún méjì péré ló wà láàárín ìwé yẹn àti òfin ọdún 21 lẹ́wọ̀n. Ìjọba ní dókítà tó mọ̀ nípa rẹ̀ ní àrọ́wọ́tó, adájọ́ ni wọ́n rán sí i.

Ayé gbọ́ nípa Àró. Ní 1961, àwọn dókítà ọpọlọ láti oríṣìíríṣìí orílẹ̀-èdè ṣe àpérò ní Abẹ́òkúta. Lámbò fúnra rẹ̀ di olórí Yunifásítì Ìbàdàn ní 1968, ó sì lọ sí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, níbi tó ti di igbákejì ọ̀gá àgbà pátápátá. Ìlú ti fẹ̀ bo àwọn abúlé ọjọ́un. Ilé-ìwòsàn náà ṣì wà, ó sì lókìkí, ṣùgbọ́n ìlú ló wà. Ẹni tó bá wà ní oko gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ lọ bá a.

Nígbà tí a ó fi dé 2018, ohun tó ń pa àwọn ọ̀dọ́ ti kúrò ní igbó àti ọtí nìkan. Tramadol àti omi ìkọ́ oníkodéìnì ti dé. Ìjọba àpapọ̀ fòfin de omi ìkọ́ náà ní oṣù karùn-ún ọdún yẹn. Ní ọdún kan náà, wọ́n ṣe ìwádìí ńlá káàkiri orílẹ̀-èdè. Àjọ ìṣirò ìjọba ló ṣe é pẹ̀lú àwọn onímọ̀, ìràndíran ọ́fíìsì UN tó ń rí sí oògùn olóró tì wọ́n lẹ́yìn, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ló sì san owó rẹ̀. Wọ́n rí i pé mílíọ̀nù 14.3 ènìyàn láàárín ọmọ ọdún 15 sí 64 lo oògùn olóró tàbí ṣi oògùn lò láàárín ọdún kan, láì ka ọtí àti sìgá mọ́ ọn. Ìyẹn jẹ́ ìdá 14.4 nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tí ti gbogbo ayé jẹ́ 5.6. Ẹkùn tiwa, Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn, ló ga jù. Ohun tó bà mí nínú jẹ́ jù nínú àbájáde náà ni pé nínú àwọn tí oògùn ti wọ̀ lára gan-an, nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún sọ pé àwọn wá ìtọ́jú, àwọn kò rí i gbà. Owó ìtọ́jú pọ̀ jù, ìtìjú wà níbẹ̀, ibi ìtọ́jú kò sì sí nítòsí. Owó ìrànwọ́ láti òkè òkun ló jẹ́ ká mọ èyí. A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Síbẹ̀ ó yẹ kó tì wá lójú díẹ̀ pé àlejò ló san owó kí á tó lè ka àwọn ọmọ wa.

Ó ní ibi tí wọ́n ti gba ọ̀nà mìíràn. Ní Amẹ́ríkà, oògùn ìrora tí dókítà ń kọ fún ènìyàn ló di bárakú ní àwọn ìletò ibi tí wọ́n ti ń wa èédú, ní West Virginia àti agbègbè rẹ̀. Láti 2018, ìjọba wọn ní owó ìrànwọ́ kan tó wà fún àwọn ìgbèríko nìkan. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ẹgbẹ́ kan kò lè dá gbà á. Àwọn tó wà ní agbègbè náà ní láti para pọ̀, owó díẹ̀ ni wọ́n sì kọ́kọ́ fún wọn láti fi ronú ohun tí wọn yóò ṣe. Ní 2021, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá mẹ́rin tó ṣe oògùn náà tàbí tó pín in káàkiri gbà láti san bílíọ̀nù 26 dọ́là, kí púpọ̀ nínú rẹ̀ sì lọ sí ìdènà àti ìtọ́jú. Owó náà kò jí òkú. Ṣùgbọ́n ó ti ọwọ́ ẹni tó tà á padà sọ́dọ̀ ẹni tó jìyà rẹ̀, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí láyé jíìnì.

Tiwa ńkọ́? Ní 2018 ìjọba àpapọ̀ fi kún owó tí wọ́n ń gbà lórí ọtí àti sìgá tí wọ́n ń ṣe nílé, ṣùgbọ́n inú àpò gbogbogbòò ló ń lọ. Ní ọdún yẹn náà ni NAFDAC àti àwọn tó ń ṣe ọtí inú ọ̀rá ṣe àdéhùn pé wọn yóò jáwọ́ nínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nítorí owó rẹ̀ kò ju ti àkàrà lọ, ọmọ iléèwé sì lè fi í pamọ́ sínú àpò. Nígbà tí àkókò pé ní 2024, àwọn oníṣòwò fi ẹ̀hónú hàn: iṣẹ́ yóò bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn, owó tí wọ́n ti ná yóò ṣòfò. Wọ́n tún sún ọjọ́ náà síwájú. Mo ka ọ̀rọ̀ wọn nínú ìwé ìròyìn, ó sì dà bíi pé mo ń ka ti 1909.

Àwọn kan yóò sọ pé ẹni tó mu ún, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi mu ún, kí ló dé tí a ó fi owó ìlú tọ́jú rẹ̀? Bàbá mi àgbà gan-an sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Mo fèsì pé: “Bàbá, ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá tètè wí fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru.” Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọ̀rọ̀ wíwí ni òwe náà sọ, kò sọ owó. Wọ́n borí mi níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ṣì rò pé ìlú tó gba owó lórí kòkòrò náà jẹ gbèsè ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ.

Ọ̀nà tí owó lè gbà dé abúlé kò ṣòro rí. Òfin ìlera 2014 sọ pé kí ìjọba àpapọ̀ máa yọ ó kéré tán ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó rẹ̀ fún ìlera kòṣeémánìí, kí díẹ̀ nínú rẹ̀ sì máa dé ilé ìlera alábọ́ọ́dé ní wọ́ọ̀dù. Nítorí náà mo lọ sí èyí tó wà ní àdúgbò wa kí n tó parí àròkọ yìí. Mo kí ìyá nọ́ọ̀sì, mo sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi àwọn ìwé àkọsílẹ̀ wọn hàn mí. Wọ́n tò wọ́n sórí tábìlì: ìwé aláboyún, ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọdé, ìwé ibà, ìwé ìfètò sọ́mọ bíbí. Mo bi wọ́n pé, “Mà, èwo ni ti àwọn tó ń mu tramadol?” Wọ́n wò mí díẹ̀. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, wọ́n ń wá o. Alẹ́ ni àwọn ìyá wọn máa ń mú wọn wá. Ṣùgbọ́n wọn kò fún wa ní ìwé tiwọn.”